Ẹ má wulẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù wa pa, ìwé tó yẹ kó tẹ̀lé kẹ́ẹ̀gì ni kẹ́ ẹ béèrè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà ìwé ìròyìn. Mo ka ohun tí òǹkàwé yín kan kọ nípa àwa tá à ń ta kẹ́míkà lọ́jà, tó ní kí NAFDAC pẹ̀lú ọlọ́pàá wá ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù wa pa torí pé májèlé là ń tà fún ará ìlú. Inú ò bí mi sí i, ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níbì kan, àmọ́ ibi tó yẹ kó nàka sí kọ́ ló nàka sí. Kubwa níbí ni mo ti ń ta kẹ́míkà ọṣẹ, sulphonic, nitrosol, kọ́sítíìkì, soda ash, Texapon, àwọ̀ àti lọ́fínńdà, kí n tó sì dé ìdí òwò yìí mo ti ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé-iṣẹ́ oògùn kan ní apá Kaduna, iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni pé kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí wọ́n kọ sára dúrọ́ọ̀mù náà ló wà nínú ẹ̀. Torí náà mo mọ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí, mo sì mọ iwájú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ torí pé ńṣe ni ẹni yẹn kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò kan náà. Kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń ṣe ní rẹpẹtẹ, tọ́ọ̀nù lórí tọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ wọn kì í sinmi tọ̀sán tòru, irú bíi sulphuric acid, kọ́sítíìkì, ammonia tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Owó kílò kan ò tó nǹkan, pípọ̀ tó pọ̀ ni wọ́n fi ń jèrè. Ìkejì ni àwọn tí wọ́n ń pè ní fáìn kẹ́míkà, ohun kan ṣoṣo tó mọ́ gaara, tí wọ́n mọ orúkọ ẹ̀ tí wọ́n sì mọ iye ìdọ̀tí tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀, nígbà míì dórí ìdá kan nínú mílíọ̀nù, wọn kì í sì í ṣe é lọ́pọ̀. Àwọn oníṣòwò ẹ̀ lókè òkun sábà máa ń fi ààlà sí i pé tí kílò kan bá ti ju dọ́là 10 lọ, tí èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́dún ò sì tó tọ́ọ̀nù 1,000, ó ti wọ agbo fáìn kẹ́míkà nìyẹn, ṣùgbọ́n ààlà yẹn kì í ṣe òfin, ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí èròjà tó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú tábúlẹ́ẹ̀tì, yàtọ̀ sí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi mú un dì, ẹ ó rí fítámì níbẹ̀, oògùn tí wọ́n ń fín sí oko, fàníìlà inú bísíkíìtì, òórùn inú ìpara, àwọ̀ tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró. Àwọn oníṣẹ́ oògùn ló ń rà á jù, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn tiwa ń lò ni wọ́n sì ń kó wá láti Íńdíà àti Ṣáínà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló máa jẹ́ kó yé yín ìdí tó fi wọ́n. Ìkòkò ńlá ni wọ́n ń lò, onírin tí kì í dípẹtà tàbí èyí tí wọ́n fi gíláàsì tẹ́ nínú kí ásíìdì má bàa jẹ ẹ́, wọ́n á se ti òní tán, wọ́n á fọ ìkòkò yẹn mọ́ tónítóní, wọ́n á yẹ omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ wò, kí wọ́n tó se nǹkan míì nínú ẹ̀ lọ́la. Ẹ mú paracetamol tí gbogbo wa ń gbé mì wò. Òun fúnra ẹ̀ ti pọ̀ lọ́jà débi pé kò sí nínú ààlà tí mo sọ lókè yẹn mọ́, àmọ́ ọwọ́ fáìn kẹ́míkà náà ni wọ́n fi ń mú un. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti ara phenol, wọ́n á sọ ọ́ di nitrophenol, nitrophenol á di aminophenol, wọ́n á wá fi acetic anhydride sí i, paracetamol dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì lè fún ọmọ èèyàn lò o. Gbogbo ipele tẹ́ ẹ gbà kọjá ló fi nǹkan sílẹ̀ nínú ẹ̀, torí náà wọ́n á tún un yọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n á da èédú àkànṣe kan sí i kó fa àwọ̀ inú ẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ títí á fi dì ní wóró-wóró, wọ́n á tún sẹ́ ẹ, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́. Bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì ni iṣẹ́ yìí rí, òun ló sì máa ń jẹ àkókò ju sísè lọ. Aminophenol tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, ìwé òfin oògùn ilẹ̀ Yúróòpù ní kò gbọ́dọ̀ ju 50 nínú mílíọ̀nù kan lọ, torí pé ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Tí atẹ́gùn bá kàn án ó máa ń yí àwọ̀, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí páúdà paracetamol tó ti ń pọ́n, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ẹni tó gbé e wá jàre.

Nínú owó tí wọ́n ń gbà lórí kílò kan, owó ẹ̀rí pé nǹkan míì ò sí nínú ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ̀rí yẹn wà lórí ìwé. Gbogbo dúrọ́ọ̀mù tó bá ti ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ jáde ló ní ìwé àyẹ̀wò tirẹ̀, batch number, ìyẹn nọ́ńbà ìsè tí wọ́n ti mú un, wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, bó ṣe mọ́ tó, omi mélòó ló wà nínú ẹ̀, òjé mélòó, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò tó sì fọwọ́ sí i. Ní láàbù tí mo ti ṣiṣẹ́, a ò gba ìwé yẹn gbọ́ bẹ́ẹ̀, a máa ń bu díẹ̀ nínú ọjà náà a ó sì tún un yẹ̀ wò fúnra wa. Ọ̀gá wa, ọmọ Ìlọrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù kankan wọ ibi tí wọ́n ti ń po oògùn tá ò bá tíì fi sítíkà wa sí i, bó ti wù kí mánéjà pariwo tó pé ẹ̀rọ ń dúró de àwọn.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Dúrọ́ọ̀mù dé Ojota l'Ékòó pẹ̀lú ìwé ẹ̀ pé pérépéré. Ẹni àkọ́kọ́ tó rà á dà á sí kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ó kó kẹ́ẹ̀gì sínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ l'Ábùjá tàbí Kano, ìwé dúró s'Ékòó. Ẹni tó rà á ní Nyanya tún dà á sí gálọ́ọ̀nù kéékèèké, gálọ́ọ̀nù òróró tàbí ti omi ọsàn tí wọ́n ti mu tán, ó fi máákà kọ orúkọ sí i lára, nígbà míì kò tiẹ̀ kọ nǹkan kan, ó ní òórùn lòun fi ń dá a mọ̀. Tó bá fi máa dé ọwọ́ ìyá tó fẹ́ lò ó, kò sẹ́ni tó lè sọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, bóyá ti ọṣẹ ni àbí ti oúnjẹ. Tọ́ṣẹ ni tọ́ṣẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan, tí sulphonic ẹ bá ní ìdọ̀tí díẹ̀ ọṣẹ ẹ á dúdú díẹ̀, ẹ ó fi fọ abọ́, ẹ ó sì fi omi ṣàn án dànù. Àmọ́ àwọn tó ń ṣe sobo náà ń wá sọ́dọ̀ wa o! Wọ́n fẹ́ citric acid kó lè kan díẹ̀, wọ́n fẹ́ benzoate kó má bàa tètè bàjẹ́, wọ́n fẹ́ àwọ̀. Ìyá kan tó ń ta sobo nítòsí wa sọ fún mi pé, "Dádì, ẹ fún mi nínú àwọ̀ tẹ́ ẹ fún ọlọ́ṣẹ yẹn, tiẹ̀ mú ojú ju èyí tẹ́ ẹ fún mi lọ, ó sì tún dínwó." Mo ní, ìyá, ti ọṣẹ nìyẹn, kò wà fún ẹnu. Ó ní ṣé kì í ṣe àwọ̀ kan náà ni. Mi ò tà á fún un, ó sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, mo ń wò ó bó ṣe ń lọ. Kí ni máa tún ṣe?

Ìyẹn ṣì kéré. Èyí tó yẹ kí olúwarẹ̀ fi pariwo, tí ò sì mẹ́nu bà, ni ti diethylene glycol. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe paracetamol olómi fún ọmọdé, wọ́n nílò nǹkan tó máa yọ́ ọ torí omi lásán ò lè yọ́ ọ tó, propylene glycol ni wọ́n sì sábà máa ń lò. Kò láwọ̀, ó ki díẹ̀, ó dùn díẹ̀, kò pa èèyàn lára ní ìwọ̀n tí wọ́n ń lò. Diethylene glycol náà ò láwọ̀, ó ki, ó dùn, ó sì dínwó jù ú lọ, omi bíréèkì àti omi tí wọ́n ń dà sí ẹ̀rọ kó má bàa dì ni wọ́n ń rí i lò sí. Ẹ kó méjèèjì sínú kẹ́ẹ̀gì funfun méjì síwájú mi, èmi tí mo ti fi ojú àti imú ṣiṣẹ́ yìí tipẹ́, mi ò lè dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n kíndìnrín ọmọ á dá wọn mọ̀, torí èyí ìkejì yẹn ńṣe ló máa ń mú kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ ò ní lè tọ̀ mọ́. Lọ́dún 1937 wọ́n fi ṣe oògùn olómi kan ní Amẹ́ríkà, ó pa èèyàn tó lé ní 100, òun ló jẹ́ kí wọ́n ṣe òfin oúnjẹ àti oògùn wọn ti 1938. Àwa náà ò gbọ́n nínú tiwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ókè Ọya níbí lọ́dún 1990 ẹ ó rántí Jos, ọmọ 47 ni wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Jos pẹ̀lú ibà, èébì, àìlètọ̀, wọ́n sì kú, paracetamol olómi tí àwọn ìyá wọn rà fún wọn ló fà á, ó ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn náà. Wọ́n dá NAFDAC sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ní 1993. Síbẹ̀ ní ìparí 2008 bọ́ sí 2009, oògùn eyín ọmọdé tún gbé e dé, ó kéré tán ọmọ 84 ló bá a lọ, glycol kan náà ni. Lọ́dún 2022 ọmọ bíi 70 kú ní Gambia, oògùn ikọ́ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà ni wọ́n fura sí, nǹkan kan náà ni wọ́n sì bá nínú ẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ó ṣeé yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ gas chromatography á sọ ọ́ ní kíá, tí kò bá sì sí ẹ̀rọ, ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń kán an sórí awo pẹlẹbẹ tí nǹkan funfun wà lára ẹ̀, wọ́n á ti ìdí ẹ̀ bọ omi kẹ́míkà kan kó fà á gòkè, glycol kọ̀ọ̀kan á dúró síbi tiẹ̀, ẹ ó sì rí i. Àjọ ìlera àgbáyé WHO ti gbé ọ̀nà yẹn jáde fún gbogbo ayé, owó ẹ̀ ò pọ̀ rárá. Ẹni tó wá ń po oògùn ọmọdé láì ṣe ìyẹn, ṣé ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Kubwa lẹ fẹ́ tì pa ni àbí ibi tí wọn ò ti yẹ dúrọ́ọ̀mù wò?

Kábáìdì tí wọ́n fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò pọ́n náà, bákan náà ló rí. Èyí tó wà lọ́jà, ti àwọn wẹ́dà ni, arsenic àti phosphorus máa ń wà nínú ẹ̀ torí kò sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò, iná ni wẹ́dà ń wá, kò ní fi sẹ́nu. Ẹ̀yin lẹ lọ gbé e sábẹ́ èso.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ pé kí nǹkan mọ́ gaara yìí, aájò òyìnbó lásán ni. Kí wọ́n bi àwọn aláró léèrè. Lọ́dún 1856, ọmọkùnrin ọdún 18 kan ní London tó ń jẹ́ William Perkin ń gbìyànjú láti fi ohun tó ti ara ọ̀dà èédú wá ṣe quinine, oògùn ibà wa yìí, kò rí quinine ṣe, àwọ̀ àlùkò ló já sí, àwọ̀ yẹn ló sì sọ ọ́ di olówó, ibẹ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ àwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ káàkiri Yúróòpù. Nígbà tó di 1897, BASF ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Kí ló dé tó fi lé ewé ẹlú kúrò lọ́jà? Ó dínwó, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ pé ẹlú ọdún yìí lè ní aró dáadáa nínú kí tọdún tó ń bọ̀ má ní tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí páùn kan tó ti Jámánì wá, bó ṣe rí lánàá ló rí lónìí, aláró mọ iye tó máa bù. Ẹ lọ sí Kofar Mata ní Kano, níbi tí wọ́n ní kòtò aró yẹn ti wà láti 1498, ẹ ó bá àwọn bàbá níbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń ki aṣọ bọ inú ẹ̀, aró wọn dáa, ó kọjá kéèyàn máa purọ́, ọwọ́ àti ojú wọn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ jíǹsì ò lè ra ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo gum arabic náà, oje igi tí wọ́n ń kó ní Yobe, Borno, Jigawa lọ. Ilé-iṣẹ́ mínírà káàkiri ayé ń lò ó kí epo adùn inú ọtí wọn má bàa lé sókè, àwọn oníṣẹ́ oògùn ń lò ó láti fi mú tábúlẹ́ẹ̀tì dì, E414 ni wọ́n ń kọ sára páálí. Wọ́n nílò ẹ̀ débi pé nígbà tí Amẹ́ríkà fi òfin de òwò pẹ̀lú Sudan, tó ń tà á jù láyé, wọ́n yọ gum yìí sílẹ̀ nínú òfin náà! Àwa, àpò àpò là ń tà á, yanrìn ńbẹ̀, èèpo igi ńbẹ̀, oje igi míì tí kì í ṣe òun náà ńbẹ̀. Ẹni tó rà á á yọ́ ọ nínú omi, á sẹ́ ẹ, á pa kòkòrò inú ẹ̀, á fín in nínú atẹ́gùn gbígbóná kó di páúdà, á kọ ìwé àyẹ̀wò sí i, á wá tà á padà fún ilé-iṣẹ́ oògùn tó wà ní Kano ní owó tó jẹ́ pé tí ẹni tó gbọ́n oje yẹn ní Gashua bá gbọ́, á jókòó sílẹ̀. Sísẹ́ àti wíwọ̀n ni gbogbo èrè yẹn, kò sí awo kankan níbẹ̀.

A kúkú ti ṣe é rí nílẹ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé kò ṣeé ṣe. NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Idu l'Ábùjá níbí, gba àgbo kan lọ́wọ́ Rẹ́fáreǹdì Ogunyale, ọmọ Yorùbá, àgbo ẹ̀jẹ̀ SS tó ti wà nínú ìdílé wọn, iyèré, kànáfùrù, osùn àti ọkà bàbà ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀yin ìyá ẹ mọ gbogbo wọn lọ́jà. Iṣẹ́ ńlá tí àwọn onímọ̀ yẹn ṣe ni pé wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n jẹ́ kí ti òní àti ti lọ́la bára mu, wọ́n dán an wò lára aláìsàn, Niprisan ni wọ́n pè é. NAFDAC gbà á wọlé ní 2006, wọ́n ń ṣe é ní Sheda, kò jìnnà sí Gwagwalada, àmọ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó gba láísẹ́ǹsì ẹ̀, Xechem, wọko gbèsè ní 2008, iṣẹ́ bá dúró. Owó ló pa iṣẹ́ yẹn o, ọpọlọ kọ́. Ní Kaduna náà, ní 1988, wọ́n kọ́ ibi tí wọ́n ti lè ṣe tọ́ọ̀nù 30,000 lọ́dún nínú linear alkylbenzene, ohun tí wọ́n fi ń ṣe sulphonic yìí gan-an, sínú ọgbà rìfáínárì, ìyẹn kì í ṣe fáìn kẹ́míkà, mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni torí pé sulphonic tí mo ń tà ní Kubwa, láti òkè òkun ló ti ń bọ̀.

Olóòtú, ohun tí mo ń béèrè ò pọ̀. Òfin ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da kẹ́míkà oúnjẹ tàbí ti oògùn sí kẹ́ẹ̀gì láì fún ẹni tó ń rà á ní ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò ẹ̀ pẹ̀lú batch number, fọ́tókọ́pì ni, náírà mélòó ni. Kẹ́ni tó bá ń ta ti ọṣẹ àti ti oúnjẹ pọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ọmọ tó ń bá a tajà má fi ife kan náà bù wọ́n. Èyí tó wà lókàn mi jù ni láàbù. Ilé-iṣẹ́ ńlá ní tiẹ̀, àwa kéékèèké ò ní, tá a bá sì gbé ìgò kan lọ síbi àyẹ̀wò, wọ́n á ka owó kan síni létí tó ju owó kẹ́ẹ̀gì náà lọ, ta ló máa san án? Bẹ́ẹ̀ NARICT wà ní Basawa ní Zaria, ilé ìwádìí kẹ́míkà ìjọba àpapọ̀ ni, ilé ìwádìí Sheda wà níbí, Yunifásítì ABU wà ní Zaria, ẹ̀rọ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tó kàwé kẹ́mísírì wà níbẹ̀. Kí wọ́n ṣí wíńdò kan fún ọlọ́jà, kí n gbé ìgò kékeré kan wá láàárọ̀, kí wọ́n gba iye tí apá mi ká, kí wọ́n sì sọ fún mi kí ọ̀sẹ̀ tó parí pé propylene ni àbí diethylene. Ẹ̀yin lẹ ní oníròyìn tí wọ́n lè jẹ́ kó wọlé níbẹ̀, ẹ bá wa bi wọ́n iye tí wọ́n máa gbà lórí ìgò kan àti ọjọ́ tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn jáde bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́.

Èmi ni,
Ọlọ́jà kẹ́míkà ọṣẹ kan,
Kubwa, Abuja.